Sìkéèlì wa, omi ọ̀sà, àti fáníìṣì fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo páńẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá gbogbo ìyá ọjà sọ ní ìpàdé oṣù. Ìgbìmọ̀ ní kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ nítorí àwọn tí kò lè wá.

  

Wọ́n ní kí á wá sọ̀rọ̀ lórí sìkéèlì oníbátìrì tí a fi ń wọn ọjà. Ìwé kẹfà la kà dé, a ò mọ nǹkan kan nípa iná mànàmáná ju pé kí á tẹ̀ ẹ́ kó tàn. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lẹ́yìn ọjà ni a ti gbọ́ ọ. A jókòó tì í, a ń bi í léèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ti wá yé àwa, ó dájú pé yóò yé gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn wá lọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí òjò ń rọ̀ tọ̀sán-tòru, oníbàárà kan ra ẹja kílò méjì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ìlà ẹlẹ́ja. Ó gbé ẹja náà dé ìsọ̀ mìíràn, wọ́n tún un wọ̀n, ó fi 200 gíráàmù dín. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ìlà aláṣọ pàápàá gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ jókòó. Àwa gan-an la di kálámù mú, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá yìí fi ọwọ́ kan sìkéèlì rẹ̀ láti rẹ́ oníbàárà jẹ. A gba sìkéèlì náà, a bu owó ìtanràn 20,000 náírà lé e, a sì ní kó ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ìyá náà búra. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdí rẹ̀ gan-an, áḿbọ̀sì pé òun á fọwọ́ kàn án. A ò gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa tiẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ti sìkéèlì.

Kò pé oṣù kan, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà eléédé. Ìyá kan níbẹ̀ ń ta ọjà, ọjà ń tán, owó kò pé. Ó rò pé ọmọ tó ń bá a tajà ló ń yọ owó. Ó ti na ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnì kan tó sọ fún un pé kó gbé edé rẹ̀ lọ wọ̀n níbòmíràn. Ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ohun tí sìkéèlì tirẹ̀ ń pè ní kílò kan, ó lé dáadáa ní kílò kan. Òun ló ń fún ayé lédé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ lojú wa ti là díẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yí sìkéèlì padà kó lè pàdánù? A kó sìkéèlì méjèèjì, a gbé wọn lọ bá ọmọ tó ń tún rédíò ṣe. Ó ṣí wọn níwájú ẹni márùn-ún nínú ìgbìmọ̀. Nínú ti ẹlẹ́ja, páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n jó gbogbo nǹkan mọ́, ti hu nǹkan aláwọ̀ omi aró létí kan, bí èbù ara búrẹ́dì. Iyọ̀ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti eléédé kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ibi tí wáyà ti wọlé ti ṣókùnkùn, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọmọ náà wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin màmá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan yìí o. Omi ẹja ló ṣe é.”

A ò rí nǹkan sọ. Ẹnì kan nínú wa ní kí ọmọ náà fún òun lómi mu.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bí omi ṣe lè mú kí ẹ̀rọ purọ́. Àlàyé tó ṣe nìyí. Ó ní lábẹ́ àwo tí à ń gbé ọjà lé, irin kan wà níbẹ̀. Bí a bá gbé ẹja lé e, irin náà á tẹ̀, títẹ̀ tí ojú kò lè rí. Wọ́n lẹ nǹkan kan mọ́ irin yẹn lára, ó fẹ́lẹ́ bí bébà, wáyà tínínrín ló wà nínú rẹ̀. Bí irin bá tẹ̀, wáyà yẹn á nà pẹ̀lú rẹ̀, iná tó ń gbà á kọjá á sì yí padà ní ìwọ̀nba. Páńẹ́ẹ̀lì ló ń ka ìyípadà yẹn, tó ń sọ ọ́ di kílò àti gíráàmù fún wa. Ṣùgbọ́n iná náà kéré gan-an ni. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóòtì 1.5. Iná tó ń wá láti ara irin yẹn sábà máa ń kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, àní bí a bá gbé ẹrù tó pọ̀ jù tí sìkéèlì lè gbà lé e. Ẹ wá wò ó: nǹkan tó kéré báyẹn, bí díẹ̀ bá jò dànù lójú ọ̀nà, ìṣirò á dàrú. Omi tó ní iyọ̀ ni ó ń jẹ́ kó jò. Omi òjò tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Omi iyọ̀ ni tirẹ̀, ọ̀nà tó tẹ́jú ló jẹ́ fún iná.

Ohun tó bí wa nínú jù ni pé ojú sìkéèlì kò yí padà. Nọ́ńbà ń tàn dáadáa, pupa fòò, bí ẹni tó ń sọ òótọ́. Ó sàn kí ó kú pátápátá ká mọ̀ pé ó kú.

Èyí tó tún burú ju jíjò lọ ni ìdógùn-ún. Àwọn ilà tó gbé iná kiri lórí páńẹ́ẹ̀lì, bàbà ni wọ́n. Bàbà, omi, iyọ̀, àti iná bátìrì: bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé, iná á máa yọ bàbà lára ilà kan, á máa gbé e gba inú omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilà kejì. Á máa hù díẹ̀díẹ̀ bíi gbòǹgbò ewéko, títí tí yóò fi so ilà méjèèjì pọ̀. Ìgbà náà ni wọn á ní “ó ti bọ́nù”. Ọmọ náà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá hàn wá, a fi ojú wa rí gbòǹgbò yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí fóònù bá bọ́ sómi, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ pa á, kí ẹ yọ bátìrì rẹ̀ bó bá ṣeé yọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wò pé bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí a máa fi sínú gààrí tàbí ìrẹsì kò fa iyọ̀ jáde, eruku gààrí ló ń kó wọ inú rẹ̀, ẹ sì ti ba gààrí jẹ́.

Ní ọjà wa yìí, létí ọ̀sà, ta ni omi kò kàn? Ẹlẹ́ja ń bu omi sí ẹja, eléédé ń gbọn iyọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lu gbogbo wa. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ. Ọ̀rinrin tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ yẹn náà ló ń wọ inú sìkéèlì.

Kí wá ni à ń ṣe sí i? Ohun tí a tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé nìyí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ inú mọ́tò ti ń ṣe é tipẹ́: wọ́n ń fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo páńẹ́ẹ̀lì, bíi fáníìṣì tí káfíńtà fi ń pa àga. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ ni conformal coating. Àwa ń pè é ní fáníìṣì páńẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tó bá wa jà. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun lójú tiwa. Àwọn bàbá wa ń fi epo pa àdá kí wọ́n tó gbé e há àjà, kó má baà dípẹtà. Agolo mílíìkì tí ẹ ń rí yẹn, irin ni, wọ́n kàn fi tánńganran tó fẹ́lẹ́ bò ó ni. Ojú tó ń dán lára káàdì SIM yín, wúrà ni wọ́n fi bò ó lóòótọ́, nítorí wúrà kì í dógùn-ún. Ẹ má wulẹ̀ lọ máa ha á o, ó fẹ́lẹ́ débi pé kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò rà á lọ́wọ́ yín.

Bó ṣe yẹ kí fáníìṣì náà nípọn tó, ìwé àwọn oníṣẹ́ sọ pé èyí tí wọ́n ń pè ní acrylic kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju 0.03 mìlímítà lọ, kò sì gbọdọ̀ nípọn ju 0.13 lọ. Ẹyọ irun orí kan máa ń tó 0.07 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ wá rí i pé gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí irun méjì lásán lọ. Ẹni tó bá kùn ún bí ẹni kun ògiri, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, á wú, á sán, omi á sì gba ojú sísán wọlé.

Ọmọ náà ṣe é níwájú wa, a sì kọ bó ṣe ṣe é sílẹ̀. Ó yọ bátìrì kúrò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti sípírítì tó mọ́, èyí tí wọ́n kọ IPA sára ìgò rẹ̀, fọ páńẹ́ẹ̀lì náà. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e síwájú fáànù títí ó fi gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ó mú tépù bébà tí àwọn akunlé ń lò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí fáníìṣì kò gbọdọ̀ dé: ibi tí bátìrì ń kàn, ibi tí wáyà ti ń wọlé, ìdí bọ́tìnnì, ihò tó ń dún píì, àti etí ibi tí ojú nọ́ńbà ti kan páńẹ́ẹ̀lì. Fáníìṣì kì í jẹ́ kí iná kọjá, bó bá wọ ibi tó yẹ kí irin ti kan irin, ẹ̀rọ kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wá fọ́n fáníìṣì láti inú agolo, fẹ́ẹ́, bí ẹni fọ́n lọ́fínńdà. Ó dúró kí ó gbẹ, ó yí i, ó tún fọ́n ọn. Ìta gbangba ló ti ṣe é, nítorí èéfín rẹ̀ ń gbé ènìyàn lórí, ó sì ń gbiná. Kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń dín àkàrà. Ó ní kó sùn kí ilẹ̀ mọ́ kí á tó dì í padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ní kí á gbé iná tí a fi ń yẹ owó wò wá, iná aláwọ̀ aró tí ẹ ń tàn sí náírà láti mọ ayédèrú. Nígbà tó tàn án sí páńẹ́ẹ̀lì, gbogbo ibi tí fáníìṣì dé ń dán bí ojú ológbò lóru. Ibi tí kò dé dúdú. Wọ́n ti po nǹkan tó ń tàn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn fáníìṣì yìí kí á lè yẹ̀ wọ́n wò bẹ́ẹ̀. Ó rí igun kan tó fò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun ti kùn ún, ẹ ní kó tan iná yẹn sí i kí ẹ rí i.

A ò ní í purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Nínú sìkéèlì mọ́kànlá tí a kọ́kọ́ ṣe, méjì bàjẹ́. Ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí. Kò fọ páńẹ́ẹ̀lì náà, ó kàn fọ́n fáníìṣì lé iyọ̀ lórí. Iyọ̀ tó wà lábẹ́ ń fa ọ̀rinrin, fáníìṣì wú bí ara tí omi gbígbóná bó, ìdógùn-ún ń rìn lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Èkejì, fáníìṣì ṣàn wọ ìdí bọ́tìnnì, bọ́tìnnì kọ̀ kò tẹ̀ mọ́. Èyí tún ṣeé gbà là, nítorí sípírítì tó le ń bọ́ acrylic kúrò. Ìdí tí a fi mú acrylic nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà mìíràn wà: silicone, ó rọ̀, ó sì ń fara da ooru, polyurethane, epo bẹntiróòlù àti kẹ́míkà kì í tètè jẹ ẹ́, epoxy, ó le bí òkúta, bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ parylene tí wọn kì í kùn, wọn kì í fọ́n. Inú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò ni wọ́n ń gbé nǹkan sí, tí èéfín rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Michael Szwarc ló ṣàwárí rẹ̀ ní Manchester lọ́dún 1947, àwọn iléeṣẹ́ sì ń fi bo ẹ̀rọ kékeré tí dókítà ń fi sínú àyà ènìyàn. Ìyẹn kì í ṣe tẹlẹ́ja.

Ní báyìí, a fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe tinú wọn wí. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí tàn ká, oríṣiríṣi nǹkan la rí. Ẹnì kan fi òrí pa páńẹ́ẹ̀lì. Òrí o, ẹ̀yin ènìyàn! Ó ní ó ń tọ́jú awọ ara òun. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà wọlé. Ẹlòmíràn lo ọ̀dà èékánná aláìláwọ̀. Ìyẹn lè ran ojú kékeré lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sán, ó ń ṣí, ó tètè ń gbiná, omi tó wà nínú rẹ̀ sì lè yọ́ ike. Èyí tó burú jù ni ti ìyá tó lọ gba gọ́ọ̀mù fèrèsé lọ́wọ́ àwọn alálumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n ń fún jáde láti inú ọ̀pá. Òun náà silicone ni, ọ̀rọ̀ náà sì lè tan ènìyàn. Ẹ fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Èyí tó bá ń rùn kíkan bíi fínígà, ásíìdì ló ń tú jáde bó bá ń gbẹ, ásíìdì náà á sì jẹ bàbà. Ọwọ́ ara ìyá náà ló fi pa sìkéèlì rẹ̀ láàárín oṣù méjì. Owó gọ́ọ̀mù náà ju owó tí ẹgbẹ́ ń gbà lọ.

Ẹ tún má rò pé bí a bá ti kùn ún, ẹ lè máa fi omi fọ̀ ọ́ bí abọ́. Fáníìṣì fẹ́lẹ́ ń dá ìtasí omi àti ọ̀rinrin dúró, kì í ṣe ìlùwẹ̀ẹ́. Ẹ má da omi lé sìkéèlì lórí lálẹ́ bí ẹ ti ń da á sórí pátákó ẹja. Aṣọ tútù tí a fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fi gbígbẹ tẹ̀ lé e. Láílọ́ọ̀nù tí ẹ ń dì mọ́ ọn lọ́sàn-án dára nítorí omi tó ń ta. Lálẹ́, ẹ tú u kúrò, nítorí bí omi bá ti wà nínú rẹ̀, á máa làágùn sínú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àpò pẹ́npẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí a máa ń jù nù, ẹ máa kó o jọ. Ọ̀rinrin ló ń fà mu. Ẹ fi méjì sínú páálí tí ẹ ń gbé sìkéèlì sí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o.

Àwọn tó ní POS, ẹ̀rọ báńkì ni tiyín, ẹ má ṣí i. Ẹ kàn má gbé e lé orí yìnyín ni. Ẹni tó ní fírísà, páńẹ́ẹ̀lì tó ń darí rẹ̀ ṣeé kùn, ṣùgbọ́n iná NEPA tó wà níbẹ̀ ń pa ènìyàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ pè. Ti inverter, orí bátìrì ńlá rẹ̀ tó máa ń hu nǹkan funfun, kò nílò fáníìṣì. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n dè é le, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi faselíìnì pa á lókè. Níbí ni òróró ti wúlò, ẹni tó ní òrí á rí i pé òun ò ṣìnà pátápátá.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdìdì. Sìkéèlì tí àwọn ará ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n bá ti yẹ̀ wò, tí wọ́n fi èdìdì sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Ẹ wá rí akọ̀wé ná. Bí a bá já èdìdì láìsọ, ẹjọ́ tí a ò rò lè tìdí rẹ̀ yọ.

Ní ti ìyá wa ẹlẹ́ja. Ìgbìmọ̀ ti dá 20,000 náírà rẹ̀ padà, a sì fi owó ọjà ọjọ́ méje kún un gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀. Ohun tí a kọ sínú ìwé ní ọdún 2023, a ti fa ilà sí i, a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé àwa la ṣìṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìpàdé ọjọ́ náà tí ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ wà níbí lónìí. Níwájú gbogbo yín, àwa ìgbìmọ̀ kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n nà ní ìlà eléédé náà, ìyá rẹ̀ ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó ra bàtà ilé-ìwé fún un.

Sìkéèlì mẹ́sàn-án tó kù láti ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ti la òjò 2024 àti ti 2025 já. Ẹgbẹ́ ra irin kílò kan, òṣùwọ̀n tó dájú, a ń gbé e lé wọn láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí tó yẹsẹ̀ jù nínú wọn fi gíráàmù márùn-ún yẹ̀, wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ni a bẹ̀ pé kó máa gbé irin náà yí ìlà ká. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tó yá ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ìsọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ni òun yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Tiwa ló kọ́kọ́ wọ̀n ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́.

Ọmọ tó ń tún rédíò ṣe yóò jókòó sí iwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun oṣù yìí, láti aago mẹ́jọ. 3,000 náírà ni fún ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló ra agolo fáníìṣì àti sípírítì. Bó ṣe jẹ́ pé agolo kan ń ṣe tó ogójì sìkéèlì, ẹ má bẹ̀rù pé yóò tán. Ẹ yọ bátìrì kúrò nílé, ẹ nu ẹja kúrò lára rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìsọ̀ yín sí ìdí rẹ̀. Yóò sùn lọ́dọ̀ wa di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ ṣáájú kí ẹ lè yá tirẹ̀ lò. Òjò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.